Ọ̀kadà Ọmọ Òrukàn: Ṣé Ó Yẹ Kí Á Náwó Láti Mú Un Sáré Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùfowóṣàánú sọ ní ìpàdé wa ní Yemẹ̀tù, Ìbàdàn



  

Àlàyé owó ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe lónìí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n létà kan wà lórí tábìlì yìí tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin ìgbìmọ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí a ra ọ̀kadà fún ni ó kọ ọ́. Ó ń tọrọ 145,000 náírà. Kì í ṣe owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe owó ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà ọ̀kadà rẹ̀ kí ó lè gba písítìn tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fẹ́ ra kábúrétọ̀ ńlá, sàlẹ́ńsà tí inú rẹ̀ ṣófo, àti rẹ́ẹ̀mù méjì aláwọ̀ wúrà. Ó ní bí òun bá ti ṣe èyí, ọ̀kadà òun yóò máa sáré ju ti àwọn ẹgbẹ́ òun lọ, òun yóò sì máa rí èrò gbé jù wọ́n lọ. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ó fi kọ létà náà, ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ dá a lóhùn wàrà-wàrà.

Ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí ná. Láti ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí ra ọ̀kadà fún àwọn ọmọ òrukàn tí wọ́n ti dàgbà lábẹ́ ìtọ́jú wa. Ọ̀kadà 7 ni a ti rà. Àwọn kan nínú yín bi wá nígbà náà pé ṣé ọmọ tí ó ti bàlágà ṣì jẹ́ ọmọ òrukàn. Ní ìlànà Sharia, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tálákà ni, tálákà àti aláìní ni ó sì ṣíwájú nínú ìsọ̀rí 8 tí sàká tọ́ sí nínú Súratu Taoba. Ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ opó wà nílé, àwọn àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé. Bí a bá fún un ní ìrẹsì nínú oṣù Ràmàdáánì, yóò ti jẹ ẹ́ tán kí Iléyá tó dé. Bí a bá fún un ní ọ̀kadà, tí ó sì mọ̀ ọ́n lò, yóò máa bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, a ó sì lè fa orúkọ wọn yọ kúrò nínú ìwé wa, kí á fi ti ẹlòmíràn sí i. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, owó ọ̀kadà kan kò tó ìdajì mílíọ̀nù náírà. Ní báyìí ó ti kọjá mílíọ̀nù kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lónìí, kò rọrùn fún wa láti ra òmíràn dípò rẹ̀.

Ó yẹ kí á tún sọ pé bí sàká bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́ sí, ohun ìní rẹ̀ ni. Ọ̀kadà yẹn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ mọ́. A kì í gba dílífà lọ́wọ́ wọn, ìwé ọ̀kadà kò sì sí lọ́wọ́ wa. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kùn ún ní pupa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a ní àṣẹ lé lórí ni owó mìíràn tí ó bá tún wá tọrọ, èyí tí a máa ń yọ láti inú àpò sàráà. Owó yín ni. Ẹ ó sì bi wá.

Ẹ̀yin ará wa, a ti fọwọ́ sí irú létà yìí rí, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa. Ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ní òun nílò 38,000 náírà láti fi tún ẹ́ńjìnnì òun ṣe kí ó lè lágbára. Ọmọ dáadáa ni. Kò pa ilé-kéwú jẹ rí nígbà tí ó wà ní kékeré. A ń múra láti lọ sí ibi ìsìnkú lọ́jọ́ náà, ọkàn wa kò balẹ̀, a kò bi mẹkáníìkì kankan léèrè, a kàn buwọ́ lùwé. Ó ra kábúrétọ̀ ńlá. Ó yọ fíltà afẹ́fẹ́ dànù kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún un. Ó dá ihò sí sàlẹ́ńsà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan inú rẹ̀ dùn púpọ̀, gbogbo Yemẹ̀tù ni ó ń gbọ́ nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ọyẹ́ dé, eruku bo ojú ọ̀nà. Kò tó oṣù méjì, ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì pátápátá lójú ọ̀nà Òkè-Àrẹ̀mọ.

Ọ̀sẹ̀ 5 ni ó fi jókòó sílé. Owó tí wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe lé ní 30,000 náírà, àwa ni a sì tún san án. Owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀ méjì pé láàrin ọ̀sẹ̀ 5 yẹn, àwa náà ni a san án. Ìyá rẹ̀ tí ó ń ta àkàrà ní òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀wà láwìn. Nígbà tí a kà á sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé, Alhaja tí ó fi 38,000 àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ dìde. Ó bi wá pé kí ni a fi owó òun ṣe. A kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lónìí yìí, èsì rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè. A lọ bá àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ní àdúgbò wa níhìn-ín, a dé Agodi Gate níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀, a sì jókòó ti àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ náà láti ìgbà tí Honda 50 àti Vespa ti wà lóde. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ kéwú ní alífù.

Ó ní ẹ́ńjìnnì dà bí ààrò. Epo bẹntiróòlù ni igi, afẹ́fẹ́ ni ìyá tí ń fẹ́ná, sàlẹ́ńsà sì ni ojú ibi tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn tí ó ṣe ọ̀kadà ti wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara wọn. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ tó nǹkan bí 15 sí ìwọ̀n epo 1. Bí o bá ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, tí o tún dá ihò sí sàlẹ́ńsà, tí epo kò pọ̀ sí i, iná inú ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì máa jó fáàfù. Bí o bá wá fi kábúrétọ̀ ńlá bù epo sí i láìwọ̀n ọ́n, plọ́ọ̀gì yóò dú, epo yóò sì máa ṣòfò. Ti fíltà ni ó burú jù. Iyanrìn wà nínú eruku. Bí iyanrìn bá ti wọlé, yóò máa ha ara sílíńdà àti rìngì bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá ń fi yẹ̀pẹ̀ fọ ìdí ìkòkò. Ìyẹn ni èéfín tí ọmọ wa rí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó ń jó.

A bi í pé ti písítìn ńlá ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Boxer 100 tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, nǹkan bí agbára ẹṣin 8 ni ó ní, Boxer 150 sì ní nǹkan bí 12. Ẹni tí ó bá gbẹ́ 100, ó lè rí agbára díẹ̀ fi kún un, ṣùgbọ́n ara sílíńdà yóò fẹ́lẹ́, yóò máa gbóná, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà tí wọ́n ṣe fún agbára ẹṣin 8 ni yóò sì máa ru ẹrù náà. Ó ní ẹni tí ó bá nílò 150, kí ó máa dá èésú títí yóò fi ra 150. A gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé.

Ibo wá ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí? Lórí fóònù ni. Ẹni tí ó kọ létà yìí fi fídíò hàn wá. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré lórí iyanrìn àti nínú ẹrẹ̀, tí ó ń fò sókè bí ehoro. Ilé-iṣẹ́ Honda ni ó kọ́kọ́ gbé oní-táyà mẹ́ta jáde ní ọdún 1970. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Suzuki gbé LT250R jáde fún eré ìje ní 1985, Yamaha sì gbé Raptor 700 jáde ní 2006. Ti oní-táyà mẹ́ta dànù púpọ̀ débi pé ní ọdún 1988 ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é jọ ṣe àdéhùn láti dá títà rẹ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì Raptor yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 7 ti Boxer 100. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹran tí ó wà nínú fídíò yẹn kọ́ ni ó wà nínú ìkòkò tiwa.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tí ó jókòó síhìn-ín ń gbé ní Houston, ó sì ní irú rẹ̀. A bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti ná ju 1,000 dọ́là lọ lórí sàlẹ́ńsà, fíltà, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ṣètò epo. Ṣé ó sáré sí i? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun kan tí kò yí nǹkan kan padà lára tirẹ̀, tí ó kàn ra táyà gidi àti ṣọ́ọ̀kì tí ó dára, tí ó sì mọ ọ̀nà tẹ̀, ń fi òun sílẹ̀ nínú iyanrìn ní gbogbo ìgbà. Ó ní bí òun bá tún bẹ̀rẹ̀, táyà àti ṣọ́ọ̀kì ni òun ìbá kọ́kọ́ rà. Ẹni yìí ń fi tirẹ̀ ṣeré ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni o. Bí ó bá bàjẹ́, yóò wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ tiwa kò ní mọ́tò tí yóò wọ̀, ọ̀kadà yẹn gan-an ni ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò eré tí wọ́n ń sọ yìí. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ibi tí ó jìn ní kìlómítà 6, tí ó sì ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 9 ni yóò fi dé ibẹ̀. Bí ó bá ń sáré 60, ìṣẹ́jú 6 ni. Ìṣẹ́jú 3 ni ó jèrè, bí kò bá sí gọ́ńgọ̀, bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí èrò kò bá sì ní kí ó dúró ra búrẹ́dì lọ́nà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó nílò kí búrẹ́ẹ̀kì tó lè dá a dúró yóò ti ju ìlọ́po 2 lọ. Ìmọ̀ ìṣirò nìyẹn, kò sí ẹni tí ó lè bá a jà.

A dán an wò. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn àgbàlagbà kàn ń rò ó lórí àga. A ní kí àwọn méjì nínú àwọn ọmọ náà gbéra níwájú Adéọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n gba Total Garden lọ sí Mọ́kọ́lá, ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kadà tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, èkejì pẹ̀lú bí wọ́n ti rà á. A kìlọ̀ fún wọn pé kì í ṣe ìje. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀kan fi ṣíwájú èkejì, nítorí pé àwọn ọkọ̀ ni ó dí ọ̀nà fún àwọn méjèèjì. A tún ní kí wọ́n máa kọ epo tí wọ́n bá rà sílẹ̀ fún ọjọ́ 6. Èyí tí a kò fọwọ́ kàn jẹ nǹkan bí lítà 3 lójúmọ́. Èyí tí a tún ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 4. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Lítà kan lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Kí ẹni tí ó ní ìyá nílé lọ ṣírò rẹ̀.

A kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ariwo. Ilé ìwòsàn àwọn aboyún ni ó wà láàrin wa níhìn-ín, ìkókó tí wọ́n bí lóru ń sùn níbẹ̀. Aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn Mùsùlùmí. Sàlẹ́ńsà tí ń dún bí ìbọn ní àsìkò Sùbúì, kí á má tilẹ̀ pè é ní ọ̀rọ̀ owó.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹ lọ pẹ̀lú èrò pé gbogbo àtúnṣe ni kò wúlò, nítorí a ṣe àṣìṣe kejì pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí a jẹ ìyà ti 2021, a bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé rárá sí ohun gbogbo. Ọmọ kan wá tí kì í gbé èrò, ẹrù ni ó ń gbé. Ó ń kó ẹ̀wà àti ata láti ọjà Bódìjà lọ fún àwọn obìnrin tí ń tà á ní Bẹẹrẹ àti Òkè-Àrẹ̀mọ. Ẹ̀yin náà mọ òkè Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí ní ẹ̀yìn, kí òun fi èyí tí eyín rẹ̀ fi 3 pọ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. A ní rárá, a ní irú ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò bínú. Ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é, owó tí kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí ẹlòmíràn fi ra kábúrétọ̀.

Ọmọ yẹn gbọ́n jù wá lọ. Àgbà mẹkáníìkì wa ni ó là wá lóye. Bí eyín ẹ̀yìn bá pọ̀ sí i, eré ọ̀kadà yóò dín kù díẹ̀ ní pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi gun òkè yóò pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ́ńjìnnì yóò yí lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ó ti ń fi ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ jìjàkadì, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní àsọdùn díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá gbé àpò ẹ̀wà dé ìdí òkè, yóò máa di kílọ́ọ̀ṣì mú ní ìlàjì kí ọ̀kadà má baà kú, kílọ́ọ̀ṣì yóò sì máa jó. Láti ìgbà tí ó ti ṣe é, ó ti lo kílọ́ọ̀ṣì kan ju ìlọ́po méjì àkókò tí ó máa ń lò ó tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe, ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún, ibẹ̀ ni ó sì fi owó sí. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ti dá owó rẹ̀ padà fún un láti inú àpò sàráà. Ẹ ó rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ owó.

Orúkọ ọ̀kadà yìí pàápàá wà lára ohun tí ń tan àwọn ọmọ náà jẹ. Ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983 ni àwọn ènìyàn ti mú un, nítorí pé ó ń yára débi tí mọ́tò kò lè tètè dé. Ọkọ̀ òfúrufú ti lọ, orúkọ ni ó kù, àwọn ọmọ wa sì fẹ́ fò.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí ni ó wúwo jù. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn 7 náà ṣubú nínú òjò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Bẹẹrẹ. Kò sáré. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, táyà ẹ̀yìn sì yọ̀ lọ, nítorí kò sí eyín kankan lára táyà náà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Obìnrin tí ó gbé sẹ́yìn fi apá pa. Oṣù 4 ni kò fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí a lọ wo ọ̀kadà náà, iná mèremère mẹ́fà ni ó wà lára rẹ̀, aláwọ̀ búlúù àti ewé, rẹ́ẹ̀mù rẹ̀ sì ń dán bí àwo tuntun. Owó táyà méjì wà nínú ohun tí ó fi ra iná àti rẹ́ẹ̀mù yẹn, ó sì kù. A kò bá a wí lórí ibùsùn. A béèrè lọ́wọ́ ara wa ni, pé láti ọdún tí a ti fún un ní ọ̀kadà, ta ni nínú wa tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà rẹ̀ rí?

Ọlọ́hun yọ ọ́. Ó dé àṣíborí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lóde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 yóò rántí ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú òfin àṣíborí, tí àwọn ọlọ́kadà kan ní orílẹ̀-èdè yìí ń dé igbá lásán láti fi tan wọ́n jẹ, tí àwọn èrò mìíràn sì ń sá fún àṣíborí pé wọ́n lè ti fi oògùn sí i. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti kó ìwádìí púpọ̀ jọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àṣíborí gidi ń dín ewu ikú ọlọ́kadà tí ó ní jàǹbá kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Kò sí kábúrétọ̀ kan tí ó lè ṣe irú rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti jókòó, ohun tí a mú wá síwájú yín nìyí. Àpò sàráà yóò máa san owó táyà, búrẹ́ẹ̀kì, ṣéènì àti irin eléyín rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì, iná iwájú, fíltà, ọ́ìlì, àti àṣíborí méjì, ọ̀kan fún ọlọ́kadà, ọ̀kan fún èrò. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ iye eyín, a ó bi í irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti òkè tí ó ń gùn, a ó sì gbọ́ tẹnu mẹkáníìkì kí á tó fọwọ́ sí i. A kò ní san owó gbígbẹ́ sílíńdà, kábúrétọ̀ ńlá, sàlẹ́ńsà oníhò, tàbí rẹ́ẹ̀mù ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe é, a kò lè dá a lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi ìwé owó àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn náà. Méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò máa wo ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Alhaji tí ó jẹ́ àgbà mẹkáníìkì ti gbà láti bá wa ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ létà 145,000 náírà. Ní Ọjọ́bọ̀ a lọ wo ọ̀kadà rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán, ó dán bí àtẹ́lẹwọ́. Wáyà búrẹ́ẹ̀kì iwájú ti já, okùn ni ó fi so ó. Ṣéènì rẹ̀ ti rọ̀, ó ń gbá ara irin. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó wà nínú létà rẹ̀. Ẹni ọdún 20 ni, ìyá rẹ̀ àti àbúrò mẹ́ta ń jẹun lára ọ̀kadà yẹn. Mẹkáníìkì ṣírò táyà méjì, búrẹ́ẹ̀kì iwájú àti ẹ̀yìn, ṣéènì pẹ̀lú irin eléyín rẹ̀, àti àṣíborí méjì sí 112,000 náírà. A sọ fún un lánàá. Kò rẹ́rìn-ín, a kò sì bínú sí i, nítorí àwa náà ti jẹ́ ẹni ọdún 20 rí, ọ̀kan nínú wa tí a kò ní dárúkọ sì ti yọ sàlẹ́ńsà Suzuki rí ní àkókò tirẹ̀. Ó wà ní ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, ó fi fìlà bojú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn aago 9, àwa àti òun yóò jọ lọ sí Agodi Gate láti lọ ra àwọn ohun èlò náà. Alhaja wa ti ọdún 2021 ti ní òun yóò san ìdajì owó náà, ó sì ní òun fẹ́ tẹ̀lé wa lọ kí òun fi ojú ara òun rí táyà náà. Ìdajì yòókù wà níwájú yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá fara mọ́ ìpinnu ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ nawọ́ sókè kí olùṣírò owó lè kà yín.